Ìkọ́ Kẹsàn-án

Pelto, Michigan
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìn-ín-ní, 1986

Raili ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Murray ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo àgùntàn tó dá ọ dúró sí ìpẹ̀kun ayé. Mo pè ọ́ lórí tẹlifóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀, òkun ló gbé ìdajì ohun tí mo sọ mì. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọkàn mi lè sinmi.

Mummu rẹ, ìyá mi, sùn ní Sunday tó kọjá, lórí àga wọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ti bó ọsàn kan tán, wọn kò tíì jẹ ẹ́. Ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n lò láyé. Dókítà ní kò sí ìrora níbẹ̀, èmi náà sì rí ojú wọn, mo gbà bẹ́ẹ̀.

A ṣe ìsìn ní Thursday. Èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan dúró sínú yìnyín. Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Èmi kò sunkún. Kọfí ni mò ń gbé káàkiri, wọ́n sì ń wò mí.

O kúkú mọ bí ilẹ̀ ibí ṣe ń rí lásìkò yìí, ó ti dì bí irin, kò sí ṣọ́bìrì tó lè wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé pósí wọn sínú ilé olókùúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Saturday kejì nínú oṣù Karùn-ún la ó tó sin wọ́n. Pásítọ̀ Lund bi mí pé ta ni nínú ẹbí tí yóò sọ̀rọ̀ lẹ́nu sàréè, mo ní ìwọ ni. Má bá mi jà. Ìwọ ni wọ́n tọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí dé mọ́kànlá, nígbà tí èmi ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, ọwọ́ wọn lo wà. Èmi kò ní nǹkan kan tí mo lè sọ níbẹ̀. Bí mo bá la ẹnu mi, òótọ́ ni yóò jáde, òótọ́ kọ́ sì ni àwọn èèyàn ń wá lọ sí itẹ́.

Ọ̀ràn kejì ni ti páànù oúnjẹ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ànjọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n nílùú yìí, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gìrìgìrì ló ń ru oúnjẹ wá fúnra wọn. Páànù mẹ́tàlélógún ló wà lórí tábìlì mi báyìí, òfìfo, tí mo fọ̀, tí mo gbọ́dọ̀ dá padà. O mọ àṣà wa: olúkúlùkù á lẹ téèpù sí ìdí páànù rẹ̀, á kọ orúkọ sí i. Mo da èyí àkọ́kọ́ dojú dé, kò sí orúkọ. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n yà síbẹ̀. Mo da èkejì dé, ayùn ni. Ẹ̀kẹta, kẹ́tùrù. Mo jókòó. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó yé mi pé àwọn àmì tó wà lókè ìkọ́ tí àwọn ọmọ ń fi kóòtù kọ́ ní yàrá jẹ́lé-ó-sinmi tí Mummu ti ń kọ́ wọn ni. Àwọn àgbà onírun funfun gbàgbé orúkọ bàbá wọn, wọ́n fi àmì ìgbà èwe kí olùkọ́ wọn pé ó dàbọ̀.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé èmi, ọmọ bíbí inú olùkọ́ wọn, á mọ ẹni tó ni ayùn. N kò mọ̀ ọ́n. Jọ̀wọ́, kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi kíákíá, kí n má baà máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, kí n máa béèrè bí ẹni tí kò mọ ìyá rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Elma

*

Otago, New Zealand
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 1986

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. N kò lè kí yín kú àṣẹ̀yìndè, nítorí a kò tíì ṣẹ̀yìn wọn, wọ́n ṣì wà nínú ilé olókùúta ń dúró de ilẹ̀ kó rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mummu tó jẹ́ pé àwọn ló máa ń dúró de gbogbo èèyàn.

Lẹ́tà yín bá mi láàárín àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá tó ń rẹ́ irun àgùntàn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni mò ń gbé oúnjẹ fún wọn, láti aago márùn-ún òwúrọ̀. Mo ka lẹ́tà náà nínú yàrá tí a ń kó ẹran sí, ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ti ń pè mí. Mo sunkún títí, mo nu ojú, mo padà lọ gé búrẹ́dì. Màmá, ká ní mo kúrò níbí ní oṣù Kìn-ín-ní, kì bá tí sí ẹni tó máa fún wọn lóúnjẹ, iṣẹ́ ọdún kan ni ì bá bàjẹ́. Kì í ṣe pé àgùntàn ju ìyá àgbà mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti páànù. Reino Maki tó ń tún mọ́tò ṣe ló ni ayùn. Bernice ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ni pẹ́pẹ́yẹ, ẹ má sọ fún un pé mo rántí pé ó máa ń gé àwọn ọmọ jẹ. Wesley tó ń fi ọkọ̀ kó yìnyín lójú títì ló ni kẹ́tùrù. Mo kọ gbogbo àmì tó kù tí mo rántí, àti orúkọ àwọn tó ni wọ́n, sí ìwé kejì. Àwọn kan dàgbà jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n Mummu máa ń sọ ìtàn wọn fún wa bí ẹni pé àná ni wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń mú àmì náà? Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Mummu á kúnlẹ̀ níwájú ọmọ, burọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì bi í pé, “Kí lo fẹ́ kí wọ́n fi mọ̀ ọ́?” Wọn kì í dá a lábàá. Bó di ọ̀sán, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n á wà. Èmi mú ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kò tiẹ̀ pé méjì, nítorí èyí tó kù ti sọnù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀ràn rẹ̀ sì ń dùn mí. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yà á, wọ́n tiẹ̀ ya ihò tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀.

Àwọn náà ló kọ́ wa bí ọmọ kékeré ṣe ń wọ kóòtù láìsí ìrànlọ́wọ́: tẹ́ ẹ sílẹ̀, dúró síbi ọrùn rẹ̀, ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, gbé e gba orí kọjá. Mo ṣì ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbí bí kò bá sí ẹni tó ń wò mí.

Ti oṣù Karùn-ún, mo fẹ́ wá. N kò tíì lè ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ọmọ wọn, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ náà tọ́ sí. Ẹni tí kì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé bí yàrá bá pariwo, ohùn wọn ni wọ́n máa ń rẹ̀ sílẹ̀ títí gbogbo wa á fi dákẹ́ kí a lè gbọ́. Màmá, ẹ gbádùn o, láti jẹ́ ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀!

Ọmọ yín,
Raili

*

Pelto, Michigan
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì, 1986

Raili,

Mo kí ọ. Ara mi le díẹ̀, orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu. Yìnyín tún ti bo fèrèsé ìsàlẹ̀. Mo ti kó o kúrò lórí òrùlé lẹ́ẹ̀mẹta látìgbà tí mo kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn.

Mo dúpẹ́ fún orúkọ tó o kọ. Ṣùgbọ́n ìparí lẹ́tà rẹ, orí ìdúró ni mo ti kà á, mo sì wá àga. “Ẹ gbádùn o.” Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ọ́, ó tó àkókò kó o gbọ́.

Bàbá mi kú sínú ihò kùsà nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá mi kó àwọn ọmọ opó jọ sí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn ìyá wọn lè rí iṣẹ́ ṣe. Ní ọdún 1931 èmi náà di ọmọ ọdún márùn-ún, mo wọ ibẹ̀. Mo sáré lọ dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, mo pè wọ́n ní Màmá. Wọ́n tú ọwọ́ mi. Wọ́n ní, “Nínú yàrá yìí, Elma, Ìyáàfin Rautio ni mo jẹ́, fún ìwọ àti fún gbogbo wọn.” Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ohùn kan náà ni wọ́n fi sọ fún ẹlòmíràn kó lọ fọ ọwọ́.

Ó dáa, ilé wá ńkọ́? Bí a bá délé, wọ́n á bọ́ sórí àga, bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n á dijú. Bí mo bá ní, “Màmá, ẹ wo ohun tí mo yà,” wọ́n á ní, “Elma jọ̀wọ́, ojú mi ti rí àwòrán ogún lónìí.” Wọn kò jágbe mọ́ mi rí, òótọ́ lo sọ. Agbára àtijágbe gan-an kò kù lára wọn. Orúnkún tó ń kúnlẹ̀ fún ọmọ gbogbo Pelto kò tẹ̀ mọ́ bó bá délé wa. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá mi fi í síbẹ̀, wọ́n sì tún so ó dáadáa. Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń ṣe; ilé gbogbo èèyàn sinmi, àfi tiwa.

Wọ́n wá ní kí n dìde lẹ́nu sàréè. Kí n sọ kí ni?

Mo ti dá páànù méjìlélógún padà. Ilé méjìlélógún, kọfí méjìlélógún, mo ti mu kọfí tó lè gbé ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ilé tí wọ́n ti gba páànù kí n máa lọ. “Jókòó, Elma, jẹ́ kí n sọ ohun tí Ìyáàfin Rautio ṣe fún mi.” Reino fi ọwọ́ tó kún fún epo mọ́tò gbá àyà. Ó ní òun máa ń sunkún láràárọ̀, ìyá mi á sì gbé pákó àti ayùn kékeré fún òun, wọ́n á ní, “Rẹ́ ẹ títí ìbànújẹ́ á fi tán.” Ó ní òun ti rẹ́ igi tó lè kọ́ ilé kí oṣù Kọkànlá tó parí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ní, “Reino, ó ti tó, n kò ní áńkáṣíìfù.” Mo jáde, mo jókòó sínú mọ́tò, inú sì ń bí mi débi pé n kò rí ihò tí n ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Mi ò gbọ́ ìtàn ayùn yẹn rí. Ojú oorun nìkan ni mo mọ̀ wọ́n sí.

Ọ̀kan ló kù. Páànù aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí gbogbo wa rà ní ilé ìtajà kan náà ní ọdún tí wọ́n tà á ní ọ̀pọ̀. Téèpù wà ní ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí àmì. Mo ti gbé e dé gbogbo ilé tí mo dé, wọ́n ní àwọn kọ́. Ṣé ọmọ kan wà tí kò ní àmì?

Kọ̀wé kí o sọ bóyá o ń bọ̀. Pásítọ̀ ti tún béèrè.

Elma

*

Otago, New Zealand
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, 1986

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n Murray ti orí ẹṣin ṣubú, egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Èmi ni mò ń da àgùntàn, èmi ni mò ń ṣe gbogbo ohun tó kù. Mo ń sùn sórí oúnjẹ mi. Màmá, n kò lè wá ní oṣù Karùn-ún. Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká láti ìgbà tí mo mú kálàmù, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní korò.

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ilé. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ìyá ló ń rẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí ẹ bá ti ilé ìwòsàn dé láti wá mú mi ní gbogbo alẹ́ Friday, ọwọ́ yín á ti bó fún ọṣẹ, ẹ kì í fẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín. Mummu ló máa ń sọ fún mi pé, “Má bínú sí ìyá rẹ, ó rẹ̀ ẹ́ ni.” Ẹni tó ń gbèjà yín lẹ ń bínú sí.

Mo ti kọ ọ́, n kò ní pa á rẹ́.

Ẹ béèrè bóyá ọmọ kan wà tí kò ní àmì. Kò sí o. Ṣùgbọ́n ìkọ́ kan wà tí kò ní. Ìkọ́ kẹsàn-án, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò onírin. Ibẹ̀ ló dára jù nínú yàrá náà, nítorí kóòtù tó bá kọ́ síbẹ̀ máa ń gbẹ kí a tó relé, tiwa á sì tutù rinrin. Gbogbo wa ló ń jà fún un. Mo bẹ Mummu fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko pé kí wọ́n gbé ìbọ̀sẹ̀ mi lọ síbẹ̀. Wọn kò gbà. Òun nìkan ni ohun tí wọ́n fi dù mí rí láyé mi. Wọ́n ní, “Ìkọ́ yẹn ní ẹni tó ni ín. Kò tíì mú tirẹ̀ ni.” Mo rò pé ọmọ kan tó ti kú ni, ẹ̀rù bà mí, n kò béèrè mọ́.

Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ìkọ́ náà ló ni páànù. Ẹ bi Ina Pohja. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá Mummu ṣiṣẹ́ ní yàrá yẹn, kò sí ohun tí kò mọ̀.

Ọmọ yín,
Raili

*

Otago, New Zealand
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹrin, 1986

Màmá mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, n kò rí ìwé yín. Mo ń lọ sí ojú títì pàdé ọkọ̀ lẹ́tà bí ajá tó ń dúró de olówó rẹ̀, awakọ̀ náà ti wá ń mi orí láti òkèèrè kí n má baà rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó fà á. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ọwọ́ yín kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde. Ọwọ́ yẹn ló bọ́ mi. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́, n ó kà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé ara yín ni kò yá, ẹ ní kí Bernice tẹ wáyà sí mi.

Murray ti ń gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. N kò tún ní kí ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́nu sàréè. Bí ẹ kò bá ní ọ̀rọ̀, ẹ dúró síbẹ̀ lásán, ó tó.

Raili

*

Pelto, Michigan
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún, 1986

Raili ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, kí Ọlọ́run bá wa di egungun rẹ̀ pọ̀. Òní ni Sunday tí wọ́n ń kí àwọn ìyá. Kò sí ẹni tí n ó kí, kò sì sí ẹni tó wà nílé láti kí mi, mo ní kí n kọ̀wé.

Mi ò ṣàìsàn. Mi ò bínú nítorí ọ̀rọ̀ ọwọ́, òótọ́ ni. Ìkọ́ kẹsàn-án ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo ka ibi tó o ti kọ ọ́, mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sábẹ́ àwo, n kò sì tún ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èmi ni, Raili. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú ọwọ́ mi lẹ́sẹ̀ wọn, ó kan èmi náà láti mú àmì. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ń bi gbogbo ọmọ. Mo ní, “Ẹ bá mi mú un.” Mo fẹ́ kí wọ́n mú un fún mi, kí n lè mọ̀ pé wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ní, “Níbí, olúkúlùkù ló ń mú tirẹ̀.” Mo panu mọ́. Wọ́n dúró, mo dúró. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n kọ́ kóòtù mi sí ìkọ́ kẹsàn-án bẹ́ẹ̀, kí n wá sọ fún àwọn bí mo bá ti rí èyí tó wù mí. N kò lọ sọ. Ọdún tán. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé, tàbí pé wọn kò bìkítà. Èmi náà kò dé ìdí pákó tí wọ́n kan àwọn ìkọ́ mọ́ yẹn mọ́. Bí mo bá lọ jẹun ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, òkè ni mo máa ń fi kóòtù mi sí, lórí àga.

Ní Tuesday, mo gbé páànù búlúù lọ sílé Ina. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ẹnu rẹ̀ kò tíì di. Ó da páànù náà dojú dé, ó wò ó, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú.

“Elma! Ìwọ ló ni ín o! Páànù ìrẹsì rẹ tó o máa ń gbé wá sí gbogbo àsè láti ogún ọdún. Ìgbà wo lo kọ nǹkan sí i rí?”

Mo ní, “Irọ́ ni. Tèmi wà lábẹ́ àpótí ìfọwọ́.”

“Ṣé o ti wò ó?”

N kò wò ó. Mo se ìrẹsì oníwàrà láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ìsìn, mo gbé e lọ, n kò sì rántí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbé páànù ara mi láti ilé dé ilé, tí mò ń bi gbogbo ìlú pé ta ló ni ín. Gbogbo wọn ló mọ̀, Raili. Ina ní wọ́n ti pe ara wọn lórí tẹlifóònù pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi, nítorí wọ́n fẹ́ kí n máa wá. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ mí, n kò jókòó sílé wọn rí. Bernice, afi-eyín-gé-ni yẹn, fún mi ní nisu, búrẹ́dì aládùn wa, lẹ́ẹ̀mejì, ó tún bi mí pé, “Ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ Wesley?”

Lẹ́yìn tí Ina rẹ́rìn-ín tán, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó mú mi lọ sí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Pákó náà ṣì wà lára ògiri. Ó ní, “Fọwọ́ kàn án.” Gbogbo oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń tún pákó náà kùn, kí wọ́n tó ya àwọn àmì tuntun. Ibi ìkọ́ kẹsàn-án, ìyá mi á gé bébà kékeré, á lẹ̀ ẹ́ bo ojú rẹ̀, á kùn yí i ká, á wá ṣí bébà náà kúrò. Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé títí wọ́n fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dà ti ga yíká rẹ̀ bí èèpo búrẹ́dì, funfun lábẹ́, ìyeyè, àwọ̀ ewé, búlúù, àwọ̀ ewé mìíràn. Àárín rẹ̀, igi lásán, bí ó ṣe rí ní 1931. Mo fi ìka mi sínú ihò náà. Mo ní, “Kí ló dé tí wọn kò bá mi sọ ọ́?” Ina ní, “Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní bí àwọn bá rán ọ létí, kì í ṣe ìwọ lo mú un mọ́.”

Ìwà agídí ni, Raili. Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀? N kò tíì dárí gbogbo rẹ̀ jì wọ́n. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n ti wo àwòrán mi. Ṣùgbọ́n o sọ pé ó ń rẹ ìyá gbogbo. Èmi náà délé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, èmi náà kò fẹ́ kí o fọwọ́ kàn mí. Má bínú.

Àná la sin wọ́n. Òjò tó fẹ́ dì ló ń rọ̀, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Gbogbo wọn wá, ayùn, pẹ́pẹ́yẹ, kẹ́tùrù. Pásítọ̀ Lund wò mí, mo sì bọ́ síwájú. Mo ní: “Èmi ni Elma. Èmi ni mo ni ìkọ́ kẹsàn-án. Ó pẹ́ kí n tó mú, ẹ kò kán mi lójú. Ẹ ṣeun, Màmá.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pè wọ́n ní Màmá lójú gbogbo kíláàsì. Ìgbà yẹn ni mo wá sunkún, Reino sì ti mú áńkáṣíìfù tirẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí.

A padà sí yàrá náà fún kọfí. Ina ti gbé ọ̀dà kalẹ̀. Ó di àga mú, ó rọra kúnlẹ̀ níwájú mi, orúnkún rẹ̀ ń ké bí ìlẹ̀kùn àtijọ́, ó ní, “Kí lo fẹ́ kí wọ́n fi mọ̀ ọ́?” Mo dúró síbẹ̀, mo sì tún dúró.

Reino ní, “Elma, mú tìrẹ jàre, kọfí ń tutù.”

Ina ní, “Fi í sílẹ̀. Ayùn, panu mọ́.”

Mo ní, “Páànù.” Ẹ̀rín sọ. Ina yà á, ó dà bí àpótí, Wesley ní ó dà bí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bọ́ kóòtù mi tó ti rin gbingbin, mo kọ́ ọ síbẹ̀. A jẹun, a fọ àwo. Nígbà tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ padà láti máa lọ sílé, ó ti gbẹ, ó sì gbóná dé inú àpò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Elma